Iṣẹ́ Ẹyẹ Wíwò àti Ọ̀rọ̀ Igún

Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá, ní Ìlọrin

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. A rántí àwọn tí a jọ bẹ̀rẹ̀ tí wọn kò sí lórí ìjókòó mọ́. Ọlọ́run yóò dẹ ilẹ̀ fún wọn, yóò sì jẹ́ kí àwa tó kù jọ ṣe ogún ọdún.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ni ó kọ̀wé sí wa pé kí a wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tí à ń ṣe, ó sì fi kún un pé kí a má sọ ọ́ bí ẹni tó wà ní kíláàsì. Ìmọ̀ràn náà dára, nítorí iṣẹ́ wa jẹ́ èyí tí ènìyàn kì í gbọ́ kó má rẹ́rìn-ín. Bí a bá dé ìdí ìnáwó ní Ìlọrin yìí, tí wọ́n ń béèrè iṣẹ́ oníkálukú, ẹnì kan á ní lọ́yà ni òun, òmíràn á ní òun ń hun òfì, òmíràn á ní ìyá òun ń mọ ìkòkò, òun ń bá a tà á. Bó bá kàn wá, a ó ní ẹyẹ ni à ń wò, a sì ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì bí wọn yóò ṣe máa wò ó. Ẹ̀rín á bẹ́. "Ṣé ẹ ń sìn wọ́n ni àbí ẹ ń tà wọ́n?" A kì í sìn wọ́n, a kì í tà wọ́n. Wíwò ni à ń wò wọ́n. À ń kà wọ́n, à ń wo ohun tí wọ́n ń jẹ, ibi tí wọ́n ń sùn sí, bí akọ ṣe ń fẹ́ abo, bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ, àti ìdí tí wọ́n fi ń pọ̀ sí i níbì kan tí wọ́n sì ń tán lọ níbòmíràn. Ìjọba sì ń san owó oṣù fún wa lórí rẹ̀, nígbà tí owó bá wọlé.

Ẹni tí ó bá rò pé ẹ̀kọ́ yìí jẹ́ ohun àjèjì, kí ó wẹ̀yìn wò díẹ̀. Àwọn ará Ọ̀fà tí wọ́n jẹ́ aládùúgbò wa, Ọ̀kín ni wọ́n fi ń ki ara wọn. Agbe, àlùkò àti lékeléke kì í wọ́n nínú ìwúre àwọn àgbà. Nínú Al-Kùránì alápọ̀nlé, ẹyẹ tí ń fẹsẹ̀ walẹ̀ ni Ọlọ́run fi kọ́ ọmọ Ádámọ̀ bí a ṣe ń sin òkú, ẹyẹ Húdíhúdù sì ni ó mú ìròyìn ìlú Sàbáì wá bá Ànábì Sulaimọ́nù. Àwọn àfáà tí ó wà níjòókòó mọ ìtàn náà jù wá lọ. Ohun tí àwa dì mú nínú rẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá fara balẹ̀ fún ẹyẹ yóò rí ìròyìn gbà.

Ẹ wo lékeléke. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí kò na èékánná sókè sí i rí nígbà èwe, pé kí ó fún wa ní funfun. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó béèrè ibi tí ó ń lọ? Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, púpọ̀ nínú wọn á gba òkè ọya lọ láti lọ pamọ níbẹ̀. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, wọn á tún sọ̀kalẹ̀ wá bá wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní eégbọn ni ó ń ṣà lára màlúù. Ó lè ṣà á, ṣùgbọ́n oúnjẹ rẹ̀ gan-an ni tata àti àwọn kòkòrò tí ẹsẹ̀ màlúù ń rú sókè láti inú koríko. Ó fi màlúù ṣe ọmọ iṣẹ́: màlúù ń rìn, òun ń jẹun. Lékeléke yìí náà ni ó gbéra nílẹ̀ Áfíríkà ní apá ìparí àwọn ọdún 1800, tí ó fi ìyẹ́ ara rẹ̀ la òkun já dé Gúúsù Amẹ́ríkà, láìsí ẹni tí ó gbé e. Nígbà tí ó fi di àwọn ọdún 1950, ó ti ń pamọ ní Florida. Ibi tí wọ́n ti ń sin màlúù ló ń wá, ó sì rí i.

Bí a bá gba ọmọ ilé-ìwé tuntun, ìdí igi ẹ̀ga ni a kọ́kọ́ ń mú un lọ. Igi máńgòrò kan tí ẹ̀ga ti tẹ̀dó sí tó. A ó fún un ní ìwé àti bírò, a ó ní kí ó jókòó fún wákàtí méjì, kí ó kọ ohun tí ó bá rí, kí ó má kọ ohun tí ó bá rò. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wọn á kọ pé "ẹyẹ náà ń bínú", "ẹyẹ náà ń fẹ́ra". A ó fagi lé e. Kí ni o rí? Ìyẹ́ ni ó ń gbọ̀n ni? Ẹnu ni ó là? Ìṣẹ́jú mélòó ni ó fi ṣe é? Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ojú wọn tó là.

Tí ó bá wá là, wọn á rí ohun tí ó pọ̀. Akọ ẹ̀ga ni ó ń hun ilé. Yóò fa ewé ọ̀pẹ tàbí ewé àgbàdo ya tẹ́ẹ́rẹ́, yóò hun ún, lẹ́yìn náà yóò sorí kodò lábẹ́ ilé náà, yóò máa gbọ̀n ìyẹ́, yóò máa pariwo kí àwọn abo wá wò ó. Abo á wọlé, á fi ẹnu fa ògiri wò, bóyá ó lágbára. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á jáde lọ. Bí abo kankan kò bá gbà á títí ewé tútù fi gbẹ, akọ á fi ẹnu ara rẹ̀ tú ilé náà palẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kíláàsì wa kì í rẹ́rìn-ín bí a bá dé ibí yìí.

Ọgbọ́n kan tún wà lọ́wọ́ abo. Ẹyẹ mìíràn wà tí kì í kọ́lé, tí ó ń yọ́ wọlé ẹ̀ga láti yé ẹyin sí i, kí oní-oní-ilé bá a tọ́ ọmọ. Nítorí náà ẹyin ẹ̀ga kò jọ ara wọn. Ti abo kan lè funfun, ti èkejì lè dà bí ojú ọ̀run, ti ẹ̀kẹta lè ní tóótòòtóó, ṣùgbọ́n ẹyin abo kan náà kì í yàtọ̀ síra. Bí ẹ̀yin ìyá ṣe ń fi ọ̀dà sàmì sí abẹ́ abọ́ kí ti ìnáwó má baà dàrú mọ́ ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni abo ẹ̀ga ṣe mọ ti rẹ̀. Bí ó bá rí èyí tí kò ní àmì rẹ̀, á jù ú síta.

Àwọn tí ó ṣáájú nínú iṣẹ́ yìí lórílẹ̀-èdè wa, òyìnbó ni púpọ̀ nínú wọn. John Elgood kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn nígbà tí ó ṣì ń jẹ́ kọ́lẹ́jì. Ní 1951, ní Ìbàdàn níbẹ̀, ó rí ẹyẹ dúdú kan tí orí àti àyà rẹ̀ pupa, ìbátan ẹ̀ga, tí kò sí nínú ìwé kankan. Ní 1958 ó fún un ní orúkọ ìmọ̀, ó fi orúkọ Ìbàdàn sí i: Malimbus ibadanensis. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni ẹyẹ yìí wà ní gbogbo ayé. Kò sí ní Ghana, kò sí ní Kamẹrúùnù. Ẹyẹ tí Ọlọ́run fún ilẹ̀ Yorùbá nìkan, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Igbó rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ọ̀kan nínú ibi tí wọ́n ṣì ti ń rí i ni igbó tí àjọ IITA dá sí ní Ìbàdàn. Ní Zaria, Hilary Fry náà ṣiṣẹ́ ọdún púpọ̀ lórí àwọn ẹyẹ tí ń jẹ oyin, àwọn aláwọ̀ mèremère tí ń gbẹ́ ihò sí etí odò. Ìwé wọn dára, a sì ń lò ó. Ṣùgbọ́n bí òyìnbó bá parí iṣẹ́, ilé ló ń lọ.

Ohun tí ó yí i padà ṣẹlẹ̀ ní Jos. Ní 2001, pẹ̀lú owó ìdílé Leventis tí gbogbo wa mọ orúkọ wọn láti ayé ilé ìtajà ńláńlá, wọ́n dá ibùdó ìwádìí ẹyẹ sílẹ̀ lábẹ́ Yunifásítì Jos, ní ẹ̀gbẹ́ abúlé Laminga, níbi tí igbó Amurum wà. APLORI ni wọ́n ń pè é. Ìwé ẹ̀rí másítà ni ọmọ ilé-ìwé ń lọ gbà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti di olùkọ́ káàkiri Nàìjíríà. Pùrófẹ́sọ̀ Shiiwua Manu, tí ó ti ṣe olùdarí ibẹ̀, ẹyẹ Ìbàdàn tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ni ó ṣèwádìí lé lórí nígbà tí ó ń gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Oxford: ọmọ Nàìjíríà ni ó lọ ń wá ẹyẹ náà kiri láti igbó dé igbó, bí igbó ṣe ń gé kélekèle. Ọ̀nà là fún àwa tí a tẹ̀lé e.

Iṣẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Kí ìrun àsùbáà tó tán lójú ènìyàn, a ti ta àwọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín igi. Ẹyẹ tí ó bá kó sí i, a ó yọ ọ́ pẹ̀lú sùúrù, a ó fi sínú àpò aṣọ kékeré kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, a ó wọn ìyẹ́ rẹ̀, a ó wọn ìwúwo rẹ̀, a ó fi òrùka onínọ́ńbà sí i lẹ́sẹ̀, a ó sì tú u sílẹ̀. A kì í jẹ́ kí ó pẹ́. Òrùka yẹn ni a fi mọ̀ pé alápàńdẹ̀dẹ̀ tí ń pamọ lábẹ́ àjà àwọn àgbẹ̀ ní Yúróòpù ni èyí tí ń wá lo ìgbà òtútù wọn lọ́dọ̀ wa. Ní Boje, ní Ìpínlẹ̀ Cross River, alápàńdẹ̀dẹ̀ tí ó lé ní mílíọ̀nù kan máa ń sùn pọ̀ sórí òkè.

Ìtàn kan wà láti orí òkè Jos tí a kì í lè fò, ẹ jọ̀wọ́. Ẹyẹ kékeré dúdú kan wà níbẹ̀ tí kì í tọ́ ọmọ rẹ̀. Inú ilé ẹyẹ pupa kékeré kan ni ó ń yé ẹyin sí. Ọmọ á pa, á dàgbà lọ́wọ́ alágbàtọ́, á sì kọ́ orin alágbàtọ́ rẹ̀. Bí ó bá di akọ ńlá, orin yẹn ni yóò máa kọ. Robert Payne, ará Amẹ́ríkà, fi etí sí orin ẹyẹ dúdú náà, ó rí i pé kò bá orin ẹyẹ pupa kankan tí ìmọ̀ ti mọ̀ mu. Ó wá ronú pé bí ọmọ bá ń sọ èdè kan, ẹni tí ó kọ́ ọ ní láti wà nítòsí. Wọ́n wá a láàárín àpáta, wọ́n rí i. Ní 1998 ni wọ́n kọ orúkọ ẹyẹ pupa náà sínú ìwé fún ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn ará ibẹ̀ ti ń rí i láti ọjọ́ pípẹ́, àmọ́ kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn òbí máa ń bi wá pé kí ni ọmọ yóò fi ẹ̀kọ́ ẹyẹ jẹ. Ìbéèrè gidi ni. Àwọn kan ń ṣiṣẹ́ ní ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀, bíi ti Old Oyo tí apá rẹ̀ wọ Kwara, tàbí Kainji, tí ilẹ̀ Borgu rẹ̀ jẹ́ ti ìpínlẹ̀ wa títí di 1991. Lóòótọ́, ẹ̀rù àwọn agbébọn ti dín ìrìn wa kù níbẹ̀. Àwọn kan wà pẹ̀lú àjọ NCF ní Èkó. Àwọn kan ń ṣe àyẹ̀wò fún ilé-iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ ri òpó iná tàbí la ọ̀nà. Pápákọ̀ òfuurufú náà nílò wọn, nítorí ẹyẹ tí ó bá wọ ẹ́ńjìnnì kì í ṣe eré: ní January 2009, ẹyẹ ni ó pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú kan ní New York tí awakọ̀ fi bà lé orí odò Hudson, Ọlọ́run sì yọ gbogbo ènìyàn 155 tí ó wà nínú rẹ̀. A kò ní purọ́ fún yín pé owó rẹpẹtẹ wà nídìí ẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò tíì rí ẹni tí iṣẹ́ náà sú.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà lónìí, ìyẹn ọ̀rọ̀ igún.

Ẹ bi ẹnikẹ́ni tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún nínú ìlú yìí nípa igún ní ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù. Ẹ bi wọ́n pé mélòó ni wọ́n ń rí nígbà náà, kí ẹ wá lọ síbẹ̀ lónìí kí ẹ kà á. Igún tí à ń wí yìí ni èyí tí ń gbé nígboro, tí ara rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀, tí ojú rẹ̀ pọ́n tí kò sì ní ìyẹ́. Ní 2015, àjọ IUCN tí ń ṣe àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀dá tí ó wà nínú ewu ní gbogbo àgbáyé fi í sí ìpele tí ó kẹ́yìn kí ẹ̀dá tó parẹ́ nínú igbó. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016 sọ pé ní Áfíríkà ó ti dín kù ní nǹkan bíi 83 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ìran mẹ́ta igún.

Kí ló ń pa á? Májèlé, igi ńlá tí à ń gé, àti ọjà. Àwọn olùwádìí ti wọ ọjà káàkiri orílẹ̀-èdè yìí, wọ́n rí orí igún, ẹsẹ̀ igún, ìyẹ́ igún lórí àtẹ, nítorí àwọn ènìyàn gbà pé ó ń jẹ́ kí ọjà tà, ó ń jẹ́ kí ènìyàn rí ọ̀la. Àwa nìkan kọ́ la ń ṣe é. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020, ní Guinea-Bissau, igún tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ni wọ́n fi májèlé pa láàárín oṣù díẹ̀, wọ́n sì bá púpọ̀ nínú wọn láìlórí.

Àwọn àgbà ní gúnnugún kì í kú léwe. Wọn kò sọ ọ́ lásán, wọ́n ti wò ó ni. Ẹyin kan ṣoṣo ni igún ń yé lẹ́ẹ̀kan. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méje ni ó fi ń sàba lé e, ọmọ á tún lo bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin lórí ìtẹ́ kí ó tó fò, á ṣì máa jẹ lọ́wọ́ ìyá àti bàbá rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹ̀dá tí ń bímọ lọ́nà yìí, ẹ̀mí gígùn ni ó gbójú lé. Adìẹ lè padà bọ̀ sípò bí a bá pa á púpọ̀ lọ́dún kan. Igún kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà yìí náà ni wọ́n sọ igún di ẹran tí a kì í pa, tí a kì í jẹ. Ẹni tí ó bá ń ta orí igún lónìí, kí ó má ṣe sọ pé àṣà ni òun ń tẹ̀lé.

Àwọn kan á ní, bí igún bá tán ńkọ́, ṣebí ẹyẹ burúkú ni. Ẹ jẹ́ kí a gba Íńdíà kọjá. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, igún Íńdíà pọ̀ débi pé kò sí ẹni tí ó ń kà á sí. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ó ju 95 nínú ọgọ́rùn-ún lọ tí ó kú láàárín ọdún díẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó mọ ìdí rẹ̀ títí di 2004, nígbà tí Lindsay Oaks àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé Diclofenac ni. Diclofenac yìí kan náà, tí púpọ̀ nínú wa ń rà fún orúnkún báyìí tí ọjọ́ orí ti dé! Màlúù ni wọ́n ń fún un. Bí màlúù bá kú, tí igún jẹ ẹ́, kíndìnrín igún á bàjẹ́. Ìjọba Íńdíà fòfin de lílò rẹ̀ fún ẹran ní 2006, ṣùgbọ́n igún ti lọ. Òkú màlúù wá ń jẹrà sílẹ̀, ajá ìgboro pọ̀ sí i, omi dọ̀tí. Ní 2024, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Eyal Frank àti Anant Sudarshan, ṣírò rẹ̀ pé àìsí igún fa ikú ènìyàn bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta láàárín ọdún márùn-ún, láti 2000 sí 2005. Ènìyàn ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka ẹyẹ.

Ìdí ni pé ikùn igún lè pa kòkòrò àrùn tí ó lè pa wá. Ojú rẹ̀ pàápàá jẹ́ iṣẹ́ ìyanu. Igún kan ń wo ilẹ̀, ó tún ń wo igún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lókèèrè. Bí ọ̀kan bá rí òkú ẹran tí ó sì ń sọ̀kalẹ̀, èyí tí ó wà lókè ibòmíràn á rí bó ṣe ń já bọ̀, á tẹ̀lé e, ẹlòmíràn á tún tẹ̀lé ìyẹn. Ìròyìn a máa ta ká láàárín wọn láìsí fóònù. Bí wọ́n bá wá ṣọ̀wọ́n jù, kò sí ẹni tí yóò rí ẹlòmíràn mọ́, ẹran á sì jẹrà tán kí wọ́n tó dé.

A kì í bá àwọn oníṣègùn jà. Àjọ NCF ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ kí wọ́n máa lo ewé àti egbò dípò orí igún. Ọ̀nà tí ó tọ́ nìyẹn lójú tiwa, nítorí ẹni tí a bá kàn halẹ̀ mọ́, ìdí ilé ni yóò ti máa tà á.

Irọ̀ wa, ẹ má bínú, ibi tí ọ̀rọ̀ kan ẹgbẹ́ yìí gan-an la dé. Gbogbo wa mọ̀ pé igi àràbà ńlá kan wà láàárín ilẹ̀ tí ẹgbẹ́ rà fún gbọ̀ngán. Gbogbo wa sì jókòó sípàdé tí wọ́n ti ní kí wọ́n gé e kí a tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé wa ti lọ síbẹ̀ ní àárọ̀ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Igún mẹ́ta ni ó ń sùn lórí igi náà. Ìtẹ́ kan wà ní ibi tí ẹ̀ka ńlá ti yapa, igún kan sì ń sàba lórí rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, nítorí ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni wọ́n ń yé ẹyin. Láàárín ìgboro àti ẹ̀yìn ìlú tí a ti wá kiri ní ọdún yìí, ìtẹ́ mìíràn tí ó ní ẹyin, a kò rí.

A ti gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ. Pé ẹyẹ àmì búburú ni, pé kò yẹ kí ó máa wo gbọ̀ngán ìnáwó láti òkè. A bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó ní ẹ̀rù yẹn lọ́kàn, ilé kan náà la ti jáde wá. Ṣùgbọ́n igún ti wà níbẹ̀ kí ẹgbẹ́ tó ra ilẹ̀, ní ọdún tí a rà á sì ni ẹgbẹ́ yìí sin ọmọ mẹ́rin níyàwó. Àwọn kan tún ní ìgbẹ́ rẹ̀ yóò ba àwo òrùlé jẹ́. Ìyẹn jẹ́ òótọ́, ọ̀rọ̀ owó sì ni. Nítorí náà ni a ṣe tọ ayàwòrán-ilé tí ó wà nínú ẹgbẹ́ wa lọ. Ó wo ìwé ilẹ̀, ó ní bí a bá sún gbọ̀ngán sí apá ìwọ̀-oòrùn, tí ibi ìgbọ́kọ̀sí wá bọ́ sí ìtòsí igi náà láìsí abẹ́ rẹ̀, iye ìjókòó kò ní dín kù. Owó àfikún díẹ̀ yóò wà lórí páìpù omi. A ti bá a sọ pé kí ó ya á sórí bébà, kí ìgbìmọ̀ lè wò ó ní ìpàdé oṣù tí ń bọ̀.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹni kankan má fi ayùn kan igi náà kí ìpàdé yẹn tó wáyé. Bí ìgbìmọ̀ bá wá ní gígé ni, kí wọ́n jọ̀wọ́ fún wa títí ọmọ igún yóò fi fò.

Kí ẹ tó dìbò, ẹ wá fi ojú ara yín rí i. Igún kì í tètè gbéra. Ó ń dúró kí oòrùn mú ilẹ̀ gbóná, kí atẹ́gùn gbígbóná gbé e sókè, nítorí náà àárọ̀ kùtù ni a lè kà wọ́n lórí igi. Sátidé tí ń bọ̀, aago mẹ́fà ààbọ̀, a ó pàdé ní ẹnu ọ̀nà ilẹ̀ ẹgbẹ́. A ó mú awò tí ń mú ọ̀nà jíjìn súnmọ́ márùn-ún wá, ẹ ó máa gbà á lọ́wọ́ ara yín. Ẹni tí ó bá ní ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ tí ó fẹ́ràn ẹran, kí ó mú un dání. Ẹ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kí a lè mọ iye mọ́ínmọ́ín tí a ó gbé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wọ léèsì funfun ti òní yìí wá. Ẹyẹ á rí yín kí ẹ tó rí i.